Ọkọ̀ Tí A Sùn Sí Láàrin Òkè Wales

Láti London dé Blaenau Ffestiniog, ìlú kékeré kan láàrin òkè Eryri ní apá àríwá Wales, ó ju 200 máìlì lọ. Ìlú olókùúta ni. Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní slate, èyí tí wọ́n fi ń bo òrùlé, ni wọ́n ń wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Èyí tí kò wúlò nínú rẹ̀ ni wọ́n kó jọ títí ó fi di òkè lẹ́yìn ilé àwọn ènìyàn. Ní 2021, àjọ UNESCO ka ilẹ̀ ìwakùsà slate agbègbè náà mọ́ ohun àjogúnbá aráyé. Bí òjò bá rọ̀, òkè wọ̀nyí a máa dán bí ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Òjò sì ń rọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi! Nínú ọjọ́ mẹ́rin tí a lò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni oòrùn yọjú.

A kò wọ hòtẹ́ẹ̀lì. Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé London, ní bọ́ọ̀sì Volkswagen kan tí a tún inú rẹ̀ ṣe bí ilé. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n wá kí wọn láti Ìbàdàn, wà pẹ̀lú wa. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Nítorí tiwọn gan-an ni a ṣe ra ọkọ̀ náà, kí wọ́n lè rí ìlú láìgun àtẹ̀gùn kiri.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1950 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sì wọn ní Jámánì. Ní 1951 ni ilé iṣẹ́ Westfalia bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpótí àti ìjókòó tí a lè gbé sínú rẹ̀, kí a sì tún gbé jáde. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ọkọ̀ ń kó ẹrù. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó di ilé. Ẹni tó mọ dánfó Èkó mọ ẹbí ọkọ̀ yìí dáadáa.

Gbígbé sínú, gbígbé jáde: ọgbọ́n yẹn ni ẹni tó kọ́kọ́ tún ọkọ̀ àbúrò mi ṣe kò rò. Pákó dáradára ló lò, ó wu ojú, ṣùgbọ́n ó fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ irin ọkọ̀. Pọ́ǹpù omi wà lábẹ́ ibùsùn tí kò ṣeé ṣí. Fíúsì wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà òtútù àkọ́kọ́, omi inú họ́ọ̀sì di yìnyín, ó wú, họ́ọ̀sì là. Kò sẹ́ni tó mọ̀ títí igi abẹ́ ibùsùn fi bẹ̀rẹ̀ sí rùn.

Ni ọkọ àbúrò mi bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ibi tí gọ́ọ̀mù wà tẹ́lẹ̀, ó fi ṣúkúrúù dè é. Ó ṣe ọmọrí sí gbogbo ibi tí wáyà àti omi gbà. Omi tí a ń lò wà nínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ ibi ìfọwọ́, tí obìnrin lè fà jáde kó sì fọ̀ mọ́. Bí òtútù bá dé, a óò da omi nù pátápátá. Ó fi àlàfo sílẹ̀ láàrin pákó ibùsùn, nítorí èémí àwọn tó sùn a máa di omi sára irin tútù, bí tìmùtìmù kò bá sì rí atẹ́gùn nísàlẹ̀, á bu. Ó kan ibùsùn Màmá ní ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ wọn ó fi balẹ̀ bí wọ́n bá jókòó. Ohun tí inú mi dùn sí jù nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kì í wọn orúnkún ìyá wọn kí wọ́n tó kan ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ gáàsì le díẹ̀. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń wọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò sì dúró dè yín. Nítorí náà, ó kó sílíńdà sínú àpótí tirẹ̀ tí kò jò sínú ọkọ̀, ó sì lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí gáàsì lè bọ́ síta.

Lálẹ́ kejì, nǹkan bí aago méjì òru, hítà kú. Dísẹ́ẹ̀lì ni hítà náà ń lò, èéfín rẹ̀ sì ń gba abẹ́ ọkọ̀ jáde. Òtútù mú Màmá.

“Ẹ tan sítóòfù yẹn, kó máa jó díẹ̀díẹ̀,” ni wọ́n wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá,” ni àbúrò mi wí lórí ìkúnlẹ̀, “a kì í sùn ti sítóòfù nínú ọkọ̀. Èéfín búburú rẹ̀ kò ní òórùn. Ènìyàn lè má jí.”

Òótọ́ ló sọ. Carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Ó ti pa ọ̀pọ̀ ẹni tó fi sítóòfù tàbí èédú yá iná nínú ọkọ̀ àti àgọ́. Aago kékeré kan tó máa ń ké bí ó bá gbóòórùn rẹ̀ wà lókè orí wa, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dán an wò?

Ọkọ rẹ̀ gbé tìmùtìmù ẹsẹ̀ Màmá, ó ṣí ọmọrí kan, ó yọ fíúsì tó jó, ó fi òmíràn sí i. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ti àtijọ́ bá ni, àfi kó fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lóru náà. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ní irú ọkọ̀ yìí, ẹ bi í léèrè ibi tí fíúsì wà kí ẹ tó bá a rìn.

Lówùúrọ̀, omi gbígbóná wà fún àlùwàlá, Màmá sì rí ibi jókòó kírun nínú ọkọ̀ láìtẹ ẹrẹ̀.

Ọjọ́ tí oòrùn yọ, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Harlech létí òkun, níbi tí odi ńlá tí ọba Edward Kìíní kọ́ ní ohun tó ju 700 ọdún sẹ́yìn wà lórí àpáta. Màmá jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n wò ó títí.

“Gbogbo ilé yìí,” ni wọ́n wí, “kò wá ní òrùlé?” Wọ́n sì ní kí a bu tíì wá fún àwọn.