Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Síwèé Ìpàdé: Ohun Tí Mo Rí Létí Gọ́tà Àwọn Àgbẹ̀ ní Kánádà

Àwọn kan ti ń pè mí pé ṣé Àgíríkì ti dé láti Kánádà, kí ló kó bọ̀. Mo ti dé o. Mi ò gbé irúgbìn àgbàdo kankan bọ̀, ẹ má bínú. Òfin ò gbà kéèyàn kàn di irúgbìn sínú báàgì kó gba bodè kọjá. Èmi tí mo máa ń kìlọ̀ fún yín nípa irúgbìn tí a ò mọ orísun rẹ̀, ṣé èmi náà ni màá wá ṣe bẹ́ẹ̀? Ìtàn kan ni mo mú bọ̀. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní gúúsù ìpínlẹ̀ Ontario. Ó ń bá òyìnbó àgbẹ̀ kan ṣiṣẹ́, àgbàdo àti sóyà ni wọ́n ń gbìn. Oṣù kan ni mo lò lọ́dọ̀ ẹ̀, nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán, tí ilẹ̀ wọn ṣì kún fún omi. Ilẹ̀ apá ibẹ̀ tẹ́ bí ẹní, omi kì í tètè rí ibi gbà. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n ri páìpù oníhò sábẹ́ oko. Páìpù yẹn á fa omi kúrò nídìí irúgbìn, á tú u sí gọ́tà ńlá tó gba oko kan bọ́ sí òmíì. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bójú tó gọ́tà náà, àmọ́ àwọn tó nílẹ̀, tí omi wọn ń gba ibẹ̀, ló ń dáwó ẹ̀. Ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni tó ń fi ọ̀rọ̀ gọ́tà ṣeré níbẹ̀.

Òfin kan wà fún un ní Ontario, Drainage Act ni wọ́n ń pè é. Tí omi bá ń dúró lóko yín, ẹ̀yin àgbẹ̀ fúnra yín lẹ máa kọ̀wé sí káńsù pé ẹ fẹ́ gọ́tà. Ṣùgbọ́n ìwé ẹnì kan lásán ò tó. Àwọn tó fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó nílẹ̀ níbi tí omi ti ń dààmú wọn, tàbí kí ilẹ̀ àwọn tó fọwọ́ sí i tó ìdá 60 nínú 100 ilẹ̀ ibẹ̀. Tí káńsù bá gbà, wọ́n á yan ẹnjiníà. Ẹnjiníà yìí ò sì gbọdọ̀ jókòó sí ọ́fíìsì kó máa fi rúlà fa ìlà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá sórí ilẹ̀ náà, kó pe gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kó gbọ́ tẹnu wọn.

Irú ìpàdé yẹn ni ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi mú wa lọ.

Mo ti múra, mo wọ bàtà dáadáa, mo rò pé gbọ̀ngàn ni. Etí gọ́tà ni! Kò sí kánọ́pì, kò sí àga, kò sẹ́ni tó ń gba máìkì kí alága. Bí èèyàn méjìlá la jẹ́, gbogbo wọn wọ bàtà oko, àfi èmi. Ẹnjiníà tẹ́ àwòrán ilẹ̀ náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ gbé e lọ, ẹnì kan fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ibo ni páìpù tìẹ ti jáde, ibo ni omi ti ń dúró, ọjọ́ mélòó ló ń lò kó tó fà. Ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó kọ̀wé. Òkè ni oko ẹ̀ wà, omi ti ba sóyà ẹ̀ jẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà náà kó jìn, kó fẹ̀, kí omi tètè lọ.

Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, opó ni, ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ tiwọn wà. Wọn ò fọwọ́ síwèé yẹn. Wọ́n dúró, wọ́n kó ọwọ́ sápò, wọn ò sọ̀rọ̀ títí ó fi kàn wọ́n. Wọ́n wá fa ìwé kékeré kan yọ, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Ṣé ẹ mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀? Ọdọọdún tí yìnyín bá yọ́, wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí omi dé ilẹ̀ wọn sílẹ̀ àti ibi tó dé. Ọdún kan ó dé ìdí igi báyìí, ọdún kan ó dé ẹnu ọ̀nà abà. Wọ́n ní, "Tí ẹ bá gbẹ́ òkè, tí ẹ sì dúró síbi tí àwòrán yìí dúró sí, gbogbo omi tó ń lo ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọjọ́ kan ló máa fi dé. Ibo ni mo fẹ́ gbé e sí?"

Wọn ò pariwo. Ẹnjiníà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ìwé náà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ya fọ́tò ẹ̀, ó ní ó yá, ká lọ. Gbogbo wa rìn lọ sí ìsàlẹ̀, bàtà mi rì sínú ẹrẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ta tépù, wọ́n wọn ibi tí omi dé lára abà. Òfin wọn sọ pé gọ́tà ò gbọdọ̀ kàn parí sáàárín oko ẹlòmíì. Ó gbọ́dọ̀ dé ibi tí omi ti lè jáde láì ba ilẹ̀ tàbí ọ̀nà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹnjiníà kọ ọ̀rọ̀ ìyá yẹn sílẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀, mo rí i bó ṣe ń kọ ọ́.

Inú ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi ò dùn rárá. Tí gọ́tà bá gùn sí i, owó máa lé sí i, ó sì máa kan òun náà. Nínú ọkọ̀, kò sọ nǹkan kan títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ó wá ní, "Òótọ́ ni obìnrin yẹn sọ. Owó ẹ̀ ló ń dùn mí."

Ọ̀rọ̀ ò tíì parí síbẹ̀ o. Tí ẹnjiníà bá kọ ìròyìn ẹ̀ tán, á ní àwòrán, á ní iye owó, á ní ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi ránṣẹ́, káńsù á tún pe ìpàdé lé e lórí. Níbi ìpàdé yẹn, ẹni tó ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ lè ní kí wọ́n yọ orúkọ òun, ẹni tí kò fọwọ́ sí i lè fi tiẹ̀ kún un. Tí orúkọ ò bá wá tó mọ́, iṣẹ́ dúró, àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé ló sì máa san owó tí wọ́n ti ná lórí ìwé ẹnjiníà. Ẹ rí i pé ìfọwọ́sí níbẹ̀ wúwo. Ẹni tó bá ní owó tí wọ́n bù fún òun ti pọ̀ jù, ó níbi tó máa gbé ẹjọ́ ẹ̀ lọ. Ìjọba Ontario náà sì máa ń ranni lọ́wọ́ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó bá bọ́ sórí ilẹ̀ oko. Mo ti kúrò níbẹ̀ kí ìròyìn ti gọ́tà yẹn tó jáde.

Ìwé kékeré ìyá yẹn ló rán mi létí ohun tí mi ò sọ fún yín rí níbí.

Ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ ṣe gọ́tà ọ̀gbàrá gba abúlé kan kọjá ní agbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kó àgbẹ̀ jọ. Mo kó wọn jọ. A ta kánọ́pì, a pín búrẹ́dì àti omi ọ̀rá. Àwọn tó wá láti ọ́fíìsì sọ òyìnbó fún bíi wákàtí kan, mo túmọ̀ ẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bàbá kan nawọ́ sókè, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, àkùrọ̀ ni wọ́n ń ro. Wọ́n ní, "Àgíríkì, ibo ni omi yìí máa já sí?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn àlejò parí ọ̀rọ̀ wọn ná, a ṣì máa gbọ́ tiyín." A ò gbọ́ tiwọn. Mo gbé ìwé àtẹ́ńdáǹsì kiri, gbogbo èèyàn fọwọ́ sí i, Bàbá náà tẹ̀ka. Nígbà tí mo délé, mo kọ ìròyìn mi: àwọn ará abúlé gba iṣẹ́ yìí tọwọ́tẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó takò ó.

Gọ́tà yẹn parí sókè àkùrọ̀ Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Òjò ọdún kejì la ilẹ̀ náà sí méjì. Ewédú lọ, tẹ̀tẹ̀ lọ, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ń lọ. Nígbà tí wọ́n lọ fẹjọ́ sùn, ìwé yẹn ni wọ́n yọ sí wọn. Wọ́n ní, "Bàbá, ṣé ìka yín kọ́ nìyí?" Ìka wọn ni.

Ẹ̀bi èdè náà wà níbẹ̀, ẹ̀bi mi sì ni. Ní Kánádà yẹn kan náà, ìjọba yan adájọ́ kan tó ń jẹ́ Thomas Berger ní 1974 kó lọ wádìí ọ̀rọ̀ páìpù gáàsì tí wọ́n fẹ́ gbé gba àfonífojì odò Mackenzie, lápá àríwá tó tutù jù. Ọkùnrin yìí ò jókòó sí ìlú ńlá. Ó lọ sí ìlú àti abúlé 35, ó gbọ́ tẹnu nǹkan bí 1,000 èèyàn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ọdẹ àti apẹja, ń fi èdè abínibí wọn sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ ń túmọ̀ ẹ̀, rédíò sì ń fi èdè wọn ròyìn ìjókòó náà. Ní 1977 ó gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n dá páìpù yẹn dúró fún ọdún mẹ́wàá ná, kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn èèyàn náà. Wọn ò ṣe páìpù yẹn. Mo ń ka èyí, mo ń rántí wákàtí kan tí mo sọ di ìṣẹ́jú márùn-ún.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé àgbẹ̀ ló ń borí nígbà gbogbo lọ́hùn-ún. Ní British Columbia, BC Hydro, ilé-iṣẹ́ iná tí ìjọba ibẹ̀ ni, fẹ́ dí odò Peace. Site C ni orúkọ iṣẹ́ náà. Omi máa bo àfonífojì náà ní nǹkan bíi kìlómítà 83, ilẹ̀ oko tó dáa wà nínú ẹ̀, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń dẹ̀gbẹ́ láti ayébáyé náà wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó láti December 2013 wọ January 2014, àwọn àgbẹ̀ wá, wọ́n rò ó. Ìròyìn ìgbìmọ̀ jáde ní 2014. Wọ́n ní tí èèyàn bá fi wé gbogbo irè oko ìpínlẹ̀ náà, àdánù ọ̀hún ò ká ìjọba lára, ṣùgbọ́n fún àwọn àgbẹ̀ tó máa ru ú, àdánù ńlá ni. Ìjọba fọwọ́ sí iṣẹ́ náà ní ìparí ọdún yẹn. Wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 2017, wọ́n ní kó máa lọ. Owó ẹ̀ tí wọ́n pè ní bíi bílíọ̀nù 8.8 dọ́là Kánádà di bílíọ̀nù 16. Ní 2024 wọ́n jẹ́ kí omi kún.

Wọ́n pàdánù, kò sí àní-àní. Àmọ́ títí ayé, kò sẹ́ni tó lè fa ìwé yọ pé àwọn àgbẹ̀ odò Peace gba iṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí èmi fi du Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, tí wọ́n bá pè yín sípàdé ọ̀nà, gọ́tà tàbí ọjà tuntun, ẹ lọ. Ẹ jẹ búrẹ́dì wọn, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè pé ìwé kí ni: ṣé pé ẹ wá ni, àbí pé ẹ gbà? Ẹ ní kí wọ́n kọ ìbéèrè yín síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó mú ọmọ tó mọ̀ ọ́n kọ dání. Kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò ìwé náà kí ẹ tó kúrò lábẹ́ kánọ́pì. Tí Àgíríkì bá ní kí ẹ dákẹ́ ná, tó bá tiẹ̀ jẹ́ èmi ni, ẹ má dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí àkùrọ̀ Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Mo mú tépù lọ, mo ra ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n fún ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, wọ́n ní kí n dìde, ẹrẹ̀ wà nílẹ̀. A wọn ibi tí omi ti gbẹ́ ilẹ̀ jù: mítà mẹ́rin àbọ̀ ní fífẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn ló ń kọ ọ́. A fẹ́ kọ̀wé tuntun sí ọ́fíìsì yẹn, orúkọ tèmi náà máa wà níbẹ̀, pé ìròyìn tí mo kọ nígbà yẹn kì í ṣe òótọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni ká fi ṣáájú.

Wọ́n ní, "Kọ 'ibo ni omi yìí máa já sí' síbẹ̀. Bí mo ṣe bi ọ́ lọ́jọ́sí nìyẹn."