Ẹ Ṣe Àdàkọ Ohun Tí Ó Wà Nínú Fóònù Yín

  

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ti ìrun tàbí ti ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ fóònù tí ó wà lápò kálukú wa ni. Ohun tí a ń wí ni pé kí á máa da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà ilé, kí ó tó bọ́ sómi, kí olè tó gbé e, tàbí kí ọjọ́ tó lọ lórí rẹ̀ tí kò ní í tàn mọ́.

Ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí ìmọ̀ Hádíìsì yóò ti gbọ́ orúkọ Abdullah ibn Lahi'a, adájọ́ ilẹ̀ Íjíbítì, tí ó kú ní ọdún 174 Hijira. Onímọ̀ ńlá ni, ìwé rẹ̀ sì pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 170 Hijira, iná jó àwọn ìwé náà. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ka Hádíìsì láti orí, orí sì ń tàsé. Títí di òní, bí àwọn onímọ̀ bá bá orúkọ rẹ̀ pàdé nínú ẹ̀wọ̀n Hádíìsì, ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé: ta ni ó gbà á lẹ́nu rẹ̀, ṣé kí iná tó jó ni tàbí lẹ́yìn tí ó jó? Wọ́n gbé ohun tí irú Abdullah ibn al-Mubarak àti Abdullah ibn Wahb gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí pé àwọn ti gbà á ṣáájú iná. Iná ọjọ́ kan ṣoṣo ni o. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ nílé kéwú.

Nígbà tí àwa fúnra wa wà lórí ẹní, kásẹ́ẹ̀tì ni ayé ń lò. Bí alfa bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tafsir nínú oṣù Ramadan, rédíò onítéèpù a ti tò síwájú rẹ̀ bí wàláà. Òmíràn nínú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn ti hu funfun báyìí, òmíràn téèpù ti jẹ ẹ́ já. Ṣùgbọ́n ó ṣeé fọwọ́ mú. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú yóò bá a nínú àpótí. Ohùn inú fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ó mọ nọ́ńbà tí a fi ń ṣí i bá ti kú, ó di dígí dúdú lásán.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an láti ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti mọ́sálásí pa. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 24 oṣù Épírì. Alfa wa àgbà, kí Ọlọ́hun foríjìn wọ́n, kò gbà kí oṣù náà lọ lófìfo. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọn a jókòó nínú yàrá wọn, wọn a sọ tafsir sínú fóònù, wọn a sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp mọ́sálásí wa. Ọgbọ̀n ọjọ́, ọgbọ̀n ohùn. Fóònù onítẹ̀ kékeré ni a ń lò nígbà náà, nítorí náà ará ilé wa kan ni ó ń gbé tirẹ̀ síta fún wa. A ń gbọ́ adìyẹ tí ó ń ké lẹ́yìn wọn, a ń gbọ́ ọmọ-ọmọ wọn tí ó ń sunkún, a sì ń gbọ́ bí wọ́n ti ń túmọ̀ Suratu Yusuf lọ́nà tí a kò gbọ́ rí lẹ́nu ẹlòmíràn.

Alfa jáde láyé ní ọdún 2022. Ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ní kí a kó àwọn ohùn náà jọ. Púpọ̀ nínú àwọn ará ti pààrọ̀ fóònù nígbà náà. Wọ́n ṣí WhatsApp, wọ́n rí àmì ohùn náà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò dún. Ohun tí fóònù sọ ni pé kò rí fáìlì náà mọ́, kí wọ́n ní kí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ tún un fi ránṣẹ́. Bàbá àgbà kan nínú wa ní kí a ka èyí fún òun lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n kọjú sí ọ̀nà itẹ́ òkú, wọn kò sọ nǹkan kan.

Ìdí rẹ̀ ni pé WhatsApp kì í bá wa tọ́jú ohùn tàbí àwòrán sọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí ayé. Orí fóònù tí ó gbà á ni ó ń gbé.

Àwọn tí kò tíì pààrọ̀ fóònù ni Ọlọ́hun fi ṣàánú wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ti ṣe é, kí ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé. Okùn tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù ni ẹ ó fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, àmọ́ okùn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí iná nìkan ni ó mọ̀ ọ́n gbé. Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí fóònù yín, okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Lórí fóònù Android, ẹ ṣí fóònù sílẹ̀, ẹ fa ojú rẹ̀ wálẹ̀ láti òkè, ẹ ó rí i níbẹ̀ pé iná ni òun ń gbà. Ẹ tẹ ibẹ̀, kí ẹ mú "File transfer". Ìgbà náà ni orúkọ fóònù yóò tó yọ lórí kọ̀ǹpútà Windows, lábẹ́ "This PC". Àwòrán tí ẹ fi kámẹ́rà yà wà nínú fódà tí ń jẹ́ DCIM. Ti WhatsApp fara sin díẹ̀. Nínú fóònù ìwòyí, ẹ ó wọ Android, ẹ ó wọ media, com.whatsapp, WhatsApp, kí ẹ tó bá Media. Ibẹ̀ ni "WhatsApp Voice Notes" wà, tí wọ́n pín sí fódà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. "Copy" ni kí ẹ fi mú un o, ẹ má fi "Cut" mú un. Cut ń kó ẹrù kúrò níbi tí ó wà, ilẹ̀ tiwa sì ni ilẹ̀ tí iná ti ń lọ láìdágbére.

Ti iPhone yàtọ̀. Apple Devices tàbí iTunes ni ó ń da odidi rẹ̀ kọ sórí kọ̀ǹpútà Windows. Kò ṣeé tú wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí iPhone ni a tún ń dà á padà sí. Bí ẹ bá fi páswọ́ọ̀dù tì í, ẹ má gbàgbé rẹ̀, nítorí Apple fúnra wọn kò lè bá yín ṣí i.

Orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí WhatsApp máa ń kọ ọjọ́ sí i lára. PTT-20200424 ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ti ọjọ́ kìíní ààwẹ̀. Bí a ti tò wọ́n nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni a ṣe muqābala. Àwọn onímọ̀ Hádíìsì àtijọ́, bí wọ́n bá da ìwé kọ tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Wọn a gbé ẹ̀dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀, wọn a kà á pa pọ̀. Òmíràn nínú wọn a fa róbótó sí ìparí Hádíìsì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó bá sì ti fi wé ìpilẹ̀ṣẹ̀, a fi àmì kékeré kan sí àárín róbótó náà. Àwa náà ka iye fáìlì ti orí fóònù àti ti orí kọ̀ǹpútà, a sì fi VLC, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Méjì nínú wọn dún dé ìdajì, wọ́n dákẹ́; a tún wọn dà kọ. Ohùn 26 ni a ti rí nínú 30. Èyí tí ó kù ni ti ọjọ́ 2, 10, 11 àti 20 oṣù Méè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo fóònù àtijọ́ tí ẹ jù sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Àwọn kan ní Google ti ń bá àwọn tọ́jú tàwọn. A kò bá wọn jà, ó dára. Ṣùgbọ́n 15 GB ni Google fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, láti ọdún 2024 sì ni ìpamọ́ WhatsApp orí Android ti ń jẹ nínú rẹ̀. Bí ó bá kún, ẹ ó sanwó. Owó dátà tún wà lọ́tọ̀. Fáìlì tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣí i.

Aaya tí ó gùn jù lọ nínú Alùkùránì, aaya 282 nínú Suratul Baqara, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Lóde òní, inú WhatsApp ni a ń kọ gbèsè sí. Ìwé ilẹ̀, fọ́tò ni. Rìsíìtì owó ilé-ìwé, fọ́tò ni. Bí ẹni náà bá kú, àwọn ajogún ní láti san gbèsè kí wọ́n tó pín ogún, ẹ̀rí sì ti bá fóònù lọ. Ẹ̀yin òbí, èyí tí ó bá jẹ́ ti owó àti ti ilẹ̀, ẹ ní fódà tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi han ẹnì kan nínú ilé.

Àmáánà sì ni fóònù. Àwòrán ìdílé wà nínú rẹ̀, àṣírí ọkọ àti aya wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a ń kó ohùn Alfa jọ, a kò gba fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó fi sílẹ̀ lọ. Olóhun jókòó tì wá, òun ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí fódà. Ẹ má ṣe gbé e fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù pé kí ó bá yín dà á kọ, kí ẹ sì lọ ra ẹ̀wà jẹ.

Kọ̀ǹpútà náà kò ju ìwé Ibn Lahi'a lọ níwájú iná. Ẹ̀dà kejì àwọn ohùn náà wà nínú dísìkì kékeré kan tí ó ń gbé nílé akọ̀wé mọ́sálásí, ní àdúgbò mìíràn. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a ń gbé e wá láti fi kún un.

Ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà nílé, tí ó sì fẹ́ kí ọmọ wa kan fi ọ̀nà rẹ̀ hàn án, kọ̀ǹpútà ilé kéwú máa ń wà ní títàn ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹ mú okùn yín lọ́wọ́, kí ẹ mú fúláàṣì tí ẹ ó kó o lọ sílé, kí fóònù yín sì ti gba iná dáadáa kí ẹ tó dé.