Dẹ̀dẹ̀ àti Táàtì Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń bi wá jù nìyí: "Ẹ̀yin tí ẹ ń mu gààrí lálẹ́, níbo lẹ ti ń rí owó bọ́ ajá?" Ìdáhùn wa kò gùn: táàtì èso ni a ń yan tà. Ajá ló sọ wá di oníṣòwò táàtì, táàtì ló sì ń gbọ́ bùkátà ajá. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé, torí a mọ̀ pé ó ń wu ọ̀pọ̀ yín láti sin ajá, ìnáwó àti ẹnu aládùúgbò lẹ kàn ń bẹ̀rù.

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé yàrá méjì ní Agbowó, ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ìparí ọdún kejì wa, ajá màmá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé bí ọmọ márùn-ún. Wọ́n kó mẹ́rin lọ, èyí tó kéré jù ló ṣẹ́kù. Màmá ní, "Ẹ gbé e, ẹ̀yin ọmọ mi, kó máa bá yín ṣọ́lé." Ajá ìbílẹ̀ ni, ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìrù rẹ̀ ká sókè.

Nílẹ̀ wa, orúkọ ajá kì í ṣe orúkọ lásán. Àwọn àgbà a máa fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́ ọ nígbàkigbà tí wọ́n bá ń pe ajá wọlé. Àwa náà sọ tiwa ní Ókùdẹ̀dẹ̀, torí àwọn ará ilé kò yéé bi wá ìgbà tí a óò kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Bí wọ́n bá pè wá lórí fóònù tí wọ́n gbọ́ tí à ń pariwo orúkọ ajá, wọ́n ti gba èsì. Dẹ̀dẹ̀ la ń pè é nígbà tí kò bá ṣẹ̀.

Kí Dẹ̀dẹ̀ tó dé, owó ilé nìkan ló so wá pọ̀. Oníkálukú ń dáná tirẹ̀, ó ń ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. A lè lo ọjọ́ mẹ́ta láì bá ara wa sọ̀rọ̀ gidi. Ajá ò gba ìyẹn. Láago mẹ́fà àárọ̀, ó ti ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn, ó fẹ́ jáde. A kọ ọ́ sára ògiri: ta ló ń mú un rìn lónìí, ta ló ń fún un lóúnjẹ, ta ló ń gbálẹ̀. Bí a ṣe ń béèrè bóyá ajá ti jẹun ni a bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa náà pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀kan nínú wa jẹ́ Mùsùlùmí, kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan ibi tó ti ń kírun. A fẹnu kò sí i pé Dẹ̀dẹ̀ kò ní wọ yàrá rẹ̀, kọ́rídọ̀ ló ń sùn. Síbẹ̀, òun gan-an ló máa ń fi pọ̀nmọ́ pamọ́ fún un. Nígbà tí òmíràn nínú wa pàdánù bàbá rẹ̀ ní ọdún kẹta, tó ti ìsìnkú dé, a ò mọ ohun tí a lè sọ fún un. Ajá ló kọ́kọ́ lọ bá a. Ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ó sì ń sùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Oúnjẹ rẹ̀ kò nira: ìrẹsì àti ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi àti oògùn aràn ló gba owó gidi. Dókítà ẹranko sọ fún wa pé bí ọmọ ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta ni kó gba abẹ́rẹ́ náà, kó sì tún máa gbà á lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ táàtì ti wọlé. Páì pẹlẹbẹ tí kò ní ìdérí ni, tí èso wà nínú rẹ̀. Kò gba ẹyin, kò gba ẹ̀rọ.

Ẹ wọn fúláwà gíráàmù 250, bọ́tà gíráàmù 125, ṣúgà ṣíbí 2 àti iyọ̀ bíńtín. Ẹ fi ìka po bọ́tà tútù mọ́ fúláwà títí yóò fi dà bíi gààrí. Ẹ wọ́n omi tútù ṣíbí 2 tàbí 3 sí i, kó kàn lè dì mọ́ra. Ẹ má pò ó bíi ti búrẹ́dì, yóò le. Ẹ bò ó kó sinmi fún ìṣẹ́jú 30. Ìgò la fi ń tẹ́ ẹ. A ó tẹ́ ẹ sínú agolo pẹlẹbẹ tí a ti fi bọ́tà pa, a ó sì fi fọ́ọ̀kì gún ìdí rẹ̀ kó má baà wú.

A ò ní ófùn. Ìkòkò ńlá tí a da yanrìn sí nísàlẹ̀ la ń gbé ka gáàsì. Ẹ jẹ́ kí yanrìn gbóná fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbé agolo sí i, kí ẹ sì dé ìkòkò dáadáa. Láàárín ìṣẹ́jú 25 sí 30, etí rẹ̀ yóò ti pọ́n. Kó tó jinná, ẹ gé ọ̀pẹ òyìnbó wẹ́wẹ́, ẹ sè é pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ fi omi po ògì ṣíbí kan, ẹ dà á sí i, ẹ máa rò ó títí yóò fi ki. Ó gbọ́dọ̀ tutù kí ẹ tó dà á sínú táàtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdí rẹ̀ yóò rọ̀. Ní oṣù kẹrin, máńgòrò tútù tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ la ń tò sórí rẹ̀.

Bí bọ́tà bá ti ń ta sánsán, Dẹ̀dẹ̀ á ti wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ègé máńgòrò kan ni tirẹ̀, a kì í fún un ní kóró kó má baà há a lọ́fun. Èso àjàrà, ìbáà jẹ́ tútù tàbí gbígbẹ, a kì í lò ó rárá, torí ó lè ba kíndìnrín ajá jẹ́. Ṣokoléètì àti àlùbọ́sà náà léwu fún un.

Lọ́dún tó kọjá, ajá kan tí a ò mọ olówó rẹ̀ bu ọmọ kékeré kan jẹ ládùúgbò. Wọ́n yára fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n sì gbé ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tó yẹ kó ṣe nìyẹn, torí bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, ekukáká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Ara ọmọ náà le. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ kó igi, wọ́n ní kò sí ajá tó máa kù. Wọ́n ti pa méjì kí wọ́n tó dé géètì wa, onílé pàápàá sì ti ń sọ pé ká mú ajá wa jáde fún wọn.

A ò bá wọn jà. A mú káàdì abẹ́rẹ́ Dẹ̀dẹ̀ jáde, tó ní déètì àti òǹtẹ̀ dókítà. Alhaja tó ń gbé òdìkejì, tí kì í sún mọ́ ajá, ló gbà á lọ́wọ́ wa tó kà á sókè. Ó ní, "Ajá yìí ti gbabẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló gbabẹ́rẹ́ nínú yín?" Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n túká. Wọ́n ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Tiwa ní Alhaja lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, owó táàtì oṣù méjì la fi sanwó abẹ́rẹ́ ajá mẹ́ta mìíràn ládùúgbò. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni àyájọ́ dìgbòlugi lágbàáyé. Ẹ máa ṣèwádìí lásìkò náà, torí àwọn ibì kan máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní báyìí, ó ti kù dẹ̀dẹ̀ lóòótọ́. Láìpẹ́ a ó jáde, iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ yóò sì tú wa káàkiri. Ajá lè lo ju ọdún 10 lọ láyé, ìwé kíkà wa kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ajá nílé ìwé, kó kọ́kọ́ mọ ibi tí ajá ń lọ lọ́jọ́ tí òun bá gba ìwé-ẹ̀rí. Tiwa ti ríbi lọ: ìyá ọ̀kan nínú wa ní Ìsẹ́yìn ti ní òun ń retí rẹ̀. Màmá kàn kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá ń bọ̀ wá kí ajá kò gbọdọ̀ wá lọ́wọ́ òfo. Kó gbé táàtì dání.