Èémí Wa Lórí Gíláàsì Mọ́tò

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ lòwe yìí, kí ó wọ mọ́tò èrò lọ́jọ́ òjò láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Èmùré. Omi tó wà lójú gíláàsì níta, wáípà ń gbá a. Láti 1903 tí Mary Anderson, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ti gba ìwé-àṣẹ lórí wáípà tirẹ̀ ni ayé ti ń rí ọgbọ́n dá sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bo gíláàsì láti inú, àwa èrò la fi ẹnu ara wa mí i síbẹ̀, àkísà nìkan ló sì kù sí dírẹ́bà lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì kan ní Ìkẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́. Òjò ti ṣú bo àpáta Olósùnta. A kò tíì jìnnà sílùú tó fi dé, ni gbogbo fèrèsé bá di títì. A pọ̀ nínú ọkọ̀, aṣọ àwọn mìíràn sì ti rin gbingbin. Kò pẹ́, gíláàsì funfun bí ẹni pé wọ́n da ẹ̀kọ sí i. Dírẹ́bà ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, ó ń fi èkejì nu gíláàsì. Bó ti ń nù ún ló tún ń ṣú.

Ó bẹ̀ wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀."

Ìyá ọlọ́mọ kan dáhùn, "Dírẹ́bà, ọmọ ń bẹ lọ́wọ́ mi o! Ṣé ẹ fẹ́ kí òtútù mú un ni?"

Ó jàre. Ta ni yóò bá ìyá jà nítorí ọmọ rẹ̀? Ibi tí a ti ń jiyàn ni ọ̀kadà kan tí kò tan iná ti yọ síwájú wa bí iwin. Dírẹ́bà ju àkísà nù, ó yà bàrá. Díẹ̀ ló kù ká bọ́ sí gọ́tà. Ìgbà náà ni bàbá kan lẹ́yìn sọ̀rọ̀: "Ìyá ìkókó, fọkàn balẹ̀. Apá ọ̀tún lòjò ti ń fẹ́ wọlé. Ẹ jẹ́ kí àwa tápá òsì ṣí tiwa." A ṣí i níwọ̀n ìka méjì. Kí a tó dé Ìsẹ̀, ojú gíláàsì ti mọ́, ọmọ náà sì ń sùn.

Ohun tó ń fà á kò le. Ṣebí ìgò tí a gbé jáde nínú fíríìjì máa ń làágùn? Bákan náà ni. Òjò mú gíláàsì tutù. Afẹ́fẹ́ inú mọ́tò gbóná, ó sì kún fún ọ̀rinrin èémí àti aṣọ tútù. Bí ó bá kan gíláàsì, ọ̀rinrin á di omi. Ẹ sì wò ó: ẹni tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí, tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 3 nu gíláàsì, ti rin mítà 50 láìríran.

Bí mọ́tò yín bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ tàn án, kí ẹ darí rẹ̀ sí gíláàsì iwájú. Ó máa ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Òun ni omi tó ń kán lábẹ́ mọ́tò. Bọ́tìnnì tó ní àwòrán mọ́tò tí ọfà ń yí nínú rẹ̀, ẹ pa á, nítorí èémí yín náà ló ń dá padà fún yín. Bí ẹ bá fi ìka fa ilà sí gíláàsì láti inú tí ilà kò hàn, ìta ló ti ṣú: ẹ tan wáípà, kí ẹ dín òtútù ẹ̀rọ kù.

Gíláàsì tó dọ̀tí tètè ń ṣú. Nítorí náà, kí òjò tó dé, ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ nu inú rẹ̀, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ sá kápẹ́ẹ̀tì tó bá rin. Bí ojú kò bá ríran rárá, ẹ wá ibi tó fẹ̀ yà sí.

Ẹ̀yin èrò ẹlẹgbẹ́ mi, dírẹ́bà ló ń wa mọ́tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ ń mí sí gíláàsì rẹ̀. Bó bá ní ká ṣí fèrèsé, ẹ má jẹ́ ká bá a jiyàn mọ́. Ẹ jẹ́ ká bi í pé, apá ibo?