Etí Ọbà Nínú Ìwé Alàwòrán

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gbéra láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ wo ọmọ mi obìnrin tí ó ń kàwé ní yunifásítì níbẹ̀. Mo di iṣu àti gàrí lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe òbí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bu omi fún mi, a sọ̀rọ̀ ilé díẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi ṣàkíyèsí pé ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù tí ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Mo na ọrùn wò ó. Ọkùnrin kan ni mo rí tí gbogbo ara rẹ̀ rí bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Ó wọ kóòtù òyìnbó, ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ rí bí òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sì dúró tì í. Mo bèèrè pé, "Àwọn wo nìyí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, òrìṣà àwọn Gíríìkì ni wọ́n. Hades tó jọba lórí àwọn òkú nìyí. Persephone sì nìyí. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, àwọn méjèèjì ni ò tíì mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tún mú mi béèrè síwájú. Lore Olympus ni wọ́n ń pe ìwé ìtàn alàwòrán náà. Rachel Smythe, obìnrin kan tí ó jẹ́ ará New Zealand, ni ó kọ ọ́ tí ó sì ya á. Ọdún 2018 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní abala-abala, ó sì parí rẹ̀ ní 2024. Ní 2022, ó gba ẹ̀bùn Eisner tí wọ́n fi ń dá àwọn oníwèé alàwòrán lọ́lá ní Amẹ́ríkà. A kì í ṣí i ní ojú ewé. Àtàǹpàkò ni òǹkàwé fi ń fa àwòrán rẹ̀ lọ sókè, bí ẹni tí ó ń tú òwú. Nínú rẹ̀, àwọn òrìṣà ń wa mọ́tò, wọ́n ń fi fóònù bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń lọ sí ibi iṣẹ́. Ilé àwọn òkú alára jẹ́ ìlú ńlá tí iná mọ̀nàmọ́ná kún inú rẹ̀.

Mo mọ ìtàn àtijọ́ náà kí ọmọ mi tó dáyé. Persephone ń já òdòdó nínú pápá ni ilẹ̀ là, tí Hades yọ jáde, tí ó sì fi tipátipá gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Zeus, bàbá ọmọ, ti fọwọ́ sí i; kò sí ẹni tí ó bèèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ. Demeter, ìyá rẹ̀, tí ó ni irè oko, wá a kiri títí. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó bínú, ilẹ̀ kò so èso mọ́, ìyàn mú ayé. Ìgbà tí wọn yóò fi gbà láti dá ọmọ padà, Hades ti fún un ní kóró èso kan jẹ, ẹni tí ó bá sì ti jẹ oúnjẹ ilé òkú kò lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń lo apá kan ọdún lọ́hùn-ún, tí ó ń lo ìyókù lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Mo sọ fún ọmọ mi pé ìjínigbé ni òǹkọ̀wé yìí fi ìfẹ́ kùn lójú. Ó fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Dádì, ẹ ò tíì kà á." Ó ṣàlàyé fún mi pé ìwà ipá náà kò kúrò nínú ìwé; ọwọ́ Hades ni wọ́n ti gbà á. Apollo, ẹni tí gbogbo ayé ń yìn, ni ó fi ipá bá ọmọbìnrin náà lò pọ̀ nínú ìtàn ti Smythe. Òǹkọ̀wé kò sì fi bò. Ó tẹ̀ lé ìtìjú ọmọ náà àti ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, títí ó fi lè la ẹnu sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọmọ mi ní àwọn ọ̀rẹ́ òun kan wà tí ó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n dé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Àgbà kì í fẹ́ kí ọmọdé dá òun lóhùn kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Mo ní, "Ìwọ tí o mọ ìdílé Zeus tó báyìí, ta ni Ọbà?"

Ó ní, "Odò tí wọ́n sé fún omi ẹ̀rọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Dádì."

Òótọ́ ni ó sọ. Ìsédò Ọbà ni wọ́n ṣe kí ìlú náà lè rí omi mu, odò yẹn kan náà ni mo sì gba orí afárá rẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé obìnrin ni Ọbà kí ó tó di odò. Mo sọ ìtàn náà fún un bí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi: pé Ọya, Ọ̀ṣun àti Ọbà ni aya Ṣàngó, pé ọbẹ̀ Ọ̀ṣun dùn mọ́ ọkọ wọn, pé Ọbà bèèrè àṣírí ọbẹ̀ náà. Ọ̀ṣun so gèlè bo etí, ó ní etí òun ni òun gé sínú ìkòkò. Ọbà gbà á gbọ́, ó gé etí tirẹ̀, ó sè é fún ọkọ. Ṣàngó rí etí nínú ọbẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì sá kúrò nílé, wọ́n sì di odò. Odò Ọbà ń ṣàn lọ bá Odò Ọ̀ṣun títí di òní, àwọn ènìyàn sì máa ń sọ pé ibi tí wọ́n ti pàdé, omi kì í sinmi.

Ọmọ mi ti gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní, "Dádì, níbo ni mo ti lè ka èyí bí mo ṣe ń ka ti Persephone?"

Ìbéèrè yìí ni mo gbé dé Ọ̀yọ́. Kì í ṣe pé kò sí ìwé rárá. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ̀rọ̀ Ṣàngó ọba. Dúró Ladipọ̀ gbé Ọba Kò So sórí ìtàgé ní Òṣogbo ní 1963, ó sì gbé e dé Berlin ní 1964. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà, kọ ìwé Iyanu tí ó fara jọ ìtàn ìwáṣẹ̀ wa, wọ́n sì sọ ọ́ di eré àwòrán orí tẹlifíṣàn ní 2025. Hugo Canuto ní Brazil ya ìtàn àwọn òrìṣà wa sínú ìwé alàwòrán. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Okupe lò, èdè Potogí ni Canuto lò. Èyí tí ó wà ní Yorùbá, tí Ọbà yóò ti máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ọmọ ogún ọdún yóò fi sunkún, n kò rí ọ̀kan fà lé ọmọ mi lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Akẹ̀sán. Orí àpò ẹ̀lùbọ́ ni mo jókòó sí tí mo ti ń ka Atọ́ka. Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi yóò rántí rẹ̀. Fọ́tò ni wọ́n fi ń sọ ìtàn nínú rẹ̀. Àwọn òṣèré tíátà alárìnjò ni ó máa ń wà nínú fọ́tò, wọn a sì kọ ọ̀rọ̀ oníkálukú sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Àwọn obìnrin ìsọ̀ tí kò mọ̀wé a máa pè mí pé, "Àkànní, wá ka ohun tí ìyálé yẹn ń wí fún wa." Bí mo bá ti ń kà, wọn a máa bú ọkọ tó wà nínú fọ́tò, wọn a máa gba ìyàwó nímọ̀ràn. Nígbà tí ó bá yá, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ilé ara wọn. Tíṣà kan gba ẹ̀dá kan lọ́wọ́ mi ní kíláàsì, ó fà á ya, ó ní ìwé ọ̀lẹ ni. N kò lè sọ fún un pé inú ìwé ọ̀lẹ yẹn ni mo ti kọ́ Yorùbá kíkà dé ibi tí mo kọ́ ọ dé.

Ó yẹ kí ẹni tí wọ́n ti fa ìwé rẹ̀ ya mọ bí ó ti ń dunni. Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí mo ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ kó ìdì ìwé kan wá sí ọ́fíìsì mi. Àwòrán ni, tó ogójì ojú ewé. Ó ní òun fẹ́ sọ ìtàn Ṣàngó àti àwọn aya rẹ̀ bí ẹni pé Ọ̀yọ́ òde òní ni wọ́n ń gbé, kí òun sì wá kọ àlàyé lórí ohun tí òun yí padà àti ìdí tí òun fi yí i padà. Nínú àwòrán náà, Ṣàngó jẹ́ ọ̀gá àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, ohùn rẹ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ọya ń ta aṣọ òkìrìkà, òun ni ó ń bá ọkọ rìnrìn-àjò òru. Ọ̀ṣun ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe irun. Ọbà ń ta àmàlà.

Etí ńkọ́? Kò sí etí. Ọ̀ṣun sọ fún Ọbà pé obìnrin tó pupa ni ọkọ àwọn fẹ́ràn, Ọbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpara bó ara rẹ̀. Ní ojú ewé tí ó kẹ́yìn, Ṣàngó ti ìrìn-àjò dé, ó bá a ní ẹnu ọ̀nà, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ìyàwó mi ńkọ́?"

Mo kà á dé ibẹ̀, ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ ni pé, "Òrìṣà kì í ṣe ohun eré ọmọdé. Lọ ṣiṣẹ́ lórí oríkì Ṣàngó bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń ṣe." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì kó ìwé rẹ̀. Ó kọ iṣẹ́ lórí oríkì Ṣàngó. Iṣẹ́ náà dára, mo fún un ní máàkì tó dára, a gbé e sórí pẹpẹ, n kò sì mọ ẹni tí ó ṣí i wò láti ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà yẹn, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn nípa Ọlá Rótìmí, tí ó mú ìtàn ọba Gíríìkì tí ó pa bàbá rẹ̀ tí ó sì fẹ́ ìyá rẹ̀, tí ó sọ ọ́ di ìtàn Ọdẹ́wálé ní ìlú Kútújẹ ní 1968. Mo yìn ín. Mo yin Wọlé Ṣóyínká tí ó tún eré Euripides kọ ní 1973. Mo yin Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan tí ó sọ ogun Troy di ogun Òwu. Àwọn ẹni ńlá yí òrìṣà àti ọba padà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo pàtẹ́wọ́. Ọmọdébìnrin kan ṣe é ní Yorùbá pẹ̀lú pẹ́ńsù, mo ní ó ṣe àfojúdi.

Àwíjàre kan wà tí mo máa ń fi tu ara mi nínú. Ìsìn àwọn òrìṣà Gíríìkì àtijọ́ ti wọlẹ̀ tipẹ́. Ẹni tí ó bá fi Hades ṣeré kò ní gba ilé ọ̀pọ̀ olùsìn rẹ̀ kọjá. Ṣàngó ní elégùn, ó ní mọ́gbà, ó ní ọdún tirẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tí àjọ UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àjogúnbá ayé ní 2023. Mo wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá arúgbó kan tí ó jẹ́ olórìṣà ní Kòso. Mo rò pé yóò gbè mí. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ta ní ń gbẹ́ oṣé? Ṣé kì í ṣe ènìyàn ni a ń gbẹ́ sí i lára? Kí ẹ yà á, kò burú. Kí ẹ sáà mọ orúkọ tí ẹ ó fi pè é." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin alákọ̀wé, bí ẹ bá ti dárúkọ Ọbà, etí ni. Ṣé etí nìkan ni obìnrin náà ní ni?"

Mo ti ń sọ ìtàn Ọbà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún pípẹ́, n kò sì rí èyí. Ní Brazil, nígbà tí Ọbà bá gun olùsìn rẹ̀, ọwọ́ ni olùsìn náà fi ń bo etí bí ó ti ń jó. Ẹni tí a tàn jẹ ni ó ń bo ojú ọgbẹ́. A kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ ọbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ó béèrè. Nínú àwòrán tirẹ̀, ìtìjú kò sí lójú Ọbà mọ́; ojú Ṣàngó ni ó bọ́ sí, nítorí òun ni kò mọ ìyàwó ara rẹ̀.

Mo wá nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ náà, mo sì pè é. Ó rántí mi. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Kò sí wàhálà, sà. Ó ti pẹ́." Mo bèèrè àwọn àwòrán náà. Ó ní ìgbà tí òun ń kó kúrò nílé tí òun ń gbé ni òun fi wọ́n dáná. Mo bi í bóyá ó lè tún wọn yà. Ó ní òun ti bímọ méjì, iṣẹ́ sì pọ̀, ṣùgbọ́n òun yóò rò ó.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dé iwájú yín, ẹ kọ́kọ́ kà á tán. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó yí padà. Bí ó bá ṣì orúkọ pè, ẹ tọ́ ọ sọ́nà, ẹ ní kí ó lọ bá àwọn tí ó ni òrìṣà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó yà á. Ọmọ mi ń bèèrè lọ́wọ́ mi ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ náà ti pè. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kò tíì pè.