Yewa Ló Kàn

Láti 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, kò tíì sí ẹni tí a dìbò yàn sípò gómìnà láti Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn, ìyẹn ilẹ̀ Yewa àti Àwórì, èyí tí ó mú kí àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ibẹ̀ máa rọ àwọn olùdìbò pé Yewa ló kàn. Nínú ìdìbò gómìnà 2019, Adékúnlé Akínladé gba ìbò 222,153, Gbóyèga Nasir Isiaka gba 110,422, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọmọ ẹkùn yìí, ṣùgbọ́n Dàpọ̀ Abíọ́dún fi 241,670 borí. Ìpínyà ìbò láàárín àwọn ọmọ ẹkùn náà dunni púpọ̀. Kí ìbò má baà tún pín bẹ́ẹ̀, ní Ìdí-Ìrókò, ìlú ẹnubodè ẹkùn náà, níbi tí oníṣòwò ti ń tú ẹrù fún àwọn aṣọ́bodè léraléra lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, ó yẹ kí olùdíje láti Yewa ṣàlàyé, ní èdè Ègùn tí àwọn kan ń sọ níbẹ̀ pẹ̀lú, ohun tí gómìnà lè bá ìjọba àpapọ̀ sọ nípa ẹnubodè.