Ìdè Ifá àti Iṣẹ́ Ọjọ́ Sátidé

 

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan ní gúúsù London ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni ó ń lọ, fún wákàtí mẹ́fà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìsinmi wà nínú rẹ̀, nítorí òfin ní kí ọmọ tí kò tíì pé 18 sinmi tó bá ń ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ. Owó tó kéré jù tí wọ́n lè san fún irú wọn nígbà náà ni £7.55 ní wákàtí kan. Inú mi dùn. Ọmọ tó bá mọ bí owó ṣe ń wọlé ló ń mọ bí a ṣe ń ná an.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó padà wálé láìsí ìdè lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Inú àpò jákẹ́ẹ̀tì ni ìdè náà wà. Ọ̀gá ibiṣẹ́ ló ní kó yọ ọ́. Láti ìgbà tó ti gba ọwọ́ Ifá kan, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 9, ni ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti búráùn yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìdè jẹ́: àmì májẹ̀mú Ọ̀rúnmìlà pẹ̀lú Ikú ni, kí Ikú lè dá ọmọ awo mọ̀, kó má mú un láìtọ́jọ́. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ ní Ọ̀yọ́, ó ní kí ọmọ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kíá. Ó ní, "Ṣé ebi ń pa yín níbẹ̀ ni?"

Àmọ́ kì í ṣe yíyọ ló dùn mí jù. Mo bi Àbẹ̀kẹ́ pé kí ló sọ fún ọ̀gá náà. Ó dáhùn jẹ́jẹ́, kò wojú mi: "Ó bi mí pé kí ni, mo ní oge lásán ni." Ọmọ tó ń ki Ifá níwájú àgbà, ó sẹ́ Ifá nídìí búrẹ́dì.

N kò bínú sí ọ̀gá náà. Ìtọ́sọ́nà ìmọ́tótó oúnjẹ nílẹ̀ Britain ni pé kí ẹni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ bọ́ aago àti ohun ọ̀ṣọ́, àfi òrùka ìgbéyàwó tí kò ní ọnà lára. Bí okùn ìdè bá já sínú ìyẹ̀fun, eyín oníbàárà ni yóò kàn án. Lóòótọ́, òfin Equality Act ti ọdún 2010 dáàbò bo ẹ̀sìn lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ààbò náà ní ibi tó mọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg dá ẹjọ́ obìnrin Kristẹni méjì tó fẹ́ máa fi àgbélébùú sọ́rùn lẹ́nu iṣẹ́. Nadia Eweida, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, jàre. Shirley Chaplin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò jàre, nítorí ọ̀rọ̀ ààbò nílé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń po ìyẹ̀fun sún mọ́ ti nọ́ọ̀sì.

Mo lọ bá bàbáláwo wa. Bàbá dìbò. Ifá gbà pé kí ọmọ yọ ìdè lẹ́nu iṣẹ́, kó fi aṣọ funfun wé e, kó má sì kúrò lára rẹ̀. Bàbá wá fi kún un: "Ènìyàn ni Ifá bá mulẹ̀, kì í ṣe okùn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un kó má sẹ́ ẹ mọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti Àbẹ̀kẹ́ jọ wá ọ̀rọ̀ tí yóò wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ń ṣe àlàyé lọ rẹrẹẹrẹ nígbà tó dá mi dúró. Ó ní, "Mọ́mì, èrò ti máa tò dé ẹnu ọ̀nà kí n tó sọ ìdajì." Òun fúnra rẹ̀ ló wá mú gbólóhùn méjì: "Ohun ẹ̀sìn ìdílé mi ni. Bí òrùka yín ṣe rí sí yín ló rí sí mi." Ó ti ṣàkíyèsí òrùka ìgbéyàwó tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ní Sátidé kejì, ó sọ ọ́. Ọkùnrin náà béèrè pé kí wá ni iṣẹ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ náà ń ṣe. Àbẹ̀kẹ́ ní ó ń sọ fún Ikú pé ọjọ́ òun kò tíì pé. Ọ̀gá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kó fi sápò tó bá ń po ìyẹ̀fun, kó sì wọ̀ ọ́ tó bá wà nídìí kántà.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ni yóò dáhùn báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ní Ọ̀yọ́, ìdè ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bi ọmọ pé kí ni. Níhìn-ín, ọmọ ló máa sọ̀rọ̀ fún ìdè, ibi iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì ni ibi tí kò ti ní sí òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ọmọ yín tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ bá a wo òfin aṣọ àti oúnjẹ ibẹ̀. Bí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bá jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ awo yín bóyá jíjẹ nìkan ni tàbí fífọwọ́ kàn án pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ.

Nígbà tí owó oṣù wọlé, Àbẹ̀kẹ́ lọ ra obì àbàtà ní Rye Lane, ó fi bọ Orí rẹ̀. Ó fi £10 ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́.

Kí Orí àwọn ọmọ wa máa bá wọn jáde, kó máa bá wọn wọlé. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.